Ọmọ Mi Ń Bẹ̀bẹ̀ fún Pónì Tirẹ̀: Kí Ni Kí A Ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùdáhùn wa ọ̀wọ́n,

Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún 9 ní oṣù tó kọjá. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 5 ni ó ti ń tọrọ ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ èmi àti bàbá rẹ̀, ìyẹn ẹṣin kékeré tí wọ́n ń pè ní pónì. Kì í ṣe ẹṣin ìṣeré ni ó ń wí, kì í sì í ṣe pé kí a mú un lọ gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan kí a sì padà wálé. Pónì tirẹ̀ ni ó ń fẹ́, èyí tí yóò máa jí lọ bá ní àárọ̀. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ti ya àwòrán rẹ̀ kún ìwé méjì. Bàbá rẹ̀ gbà pé yóò gbàgbé bí ó bá dàgbà díẹ̀ sí i, ó sì máa ń sọ fún un pé, "A ó rà á lọ́dún tó ń bọ̀." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé ní alẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí ó ń sunkún lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀, nígbà tí mo sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe é, ó ní ọdún tó ń bọ̀ kì í dé. A ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, agbára wa sì lè ká a bí a bá ṣọ́ owó ná. Ṣé kí a ra pónì náà fún un ni, àbí kí a wá bí a ó ṣe mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé kékeré kan sí yín, mo sì ti fi í sínú lẹ́tà yìí.

Ìyá ọmọ

ÌDÁHÙN

Ìyá ọmọ wa, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ẹkún ọmọ yín ṣeré. Gbólóhùn tí ó sọ, pé ọdún tó ń bọ̀ kì í dé, ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni ó dùn mí jù lọ nínú lẹ́tà yín. Èmi náà tọrọ ẹṣin nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìdáhùn tí àwọn àgbà fún mi kò sì yàtọ̀ sí èyí tí bàbá rẹ̀ ń fún un. Wọn kò ní èrò ibi sí mi. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ọmọdé dà bí ìrì òwúrọ̀ tí yóò gbẹ bí oòrùn bá ti yọ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń fẹ́ ohun kan ṣoṣo fún ọdún 4 gbáko ti kọjá ẹni tí a ń fi ọ̀la tàn. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀ kí ó dáwọ́ ìlérí náà dúró. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ "rárá, kò tíì yá", ẹ jókòó tì í kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ó tó yá. Ọmọdé lè fara da "rárá" tí ó ní ìdí. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí kò ní ọjọ́ ni ó máa ń jẹ́ kí wọ́n sunkún lábẹ́ aṣọ.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ra pónì lọ́dún yìí, kí ẹ má sì gbìyànjú láti pa ìfẹ́ náà. Ẹ fún ìfẹ́ náà níṣẹ́ ṣe.

Kí n tó sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é, ó yẹ kí a mọ irú ẹranko tí pónì jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọmọ ẹṣin ni, pé yóò dàgbà di ẹṣin ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pónì jẹ́ ẹṣin tí ó dàgbà tán síbẹ̀ tí kò ga. Ọwọ́ ni àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń wọn gíga, ọwọ́ 1 sì jẹ́ ínṣì 4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10 àti díẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orí èjìká, níbi tí gọ̀gọ̀ ọrùn parí sí, pónì kì í sábà ga ju ọwọ́ 14 àti ínṣì 2 lọ, èyí tí ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 147. Pónì Shetland, tí ó wá láti àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland, kì í ga ju ínṣì 42 lọ. Àwọn pónì Connemara ti ilẹ̀ Ireland ga jù ú lọ dáadáa, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ sì lè gùn wọ́n. Kékeré kì í ṣe àìlágbára o. Nígbà tí òfin kan ní Britain lọ́dún 1842 kò jẹ́ kí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 ṣiṣẹ́ mọ́ nínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú, apá kan nínú ẹrù tí àwọn ọmọdé ń fà tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn pónì. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ pónì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé.

Wàyí o, ọmọ yín ń fẹ́ pónì. Kí ni pónì ń fẹ́? Pónì ń fẹ́ pónì mìíràn. Agbo ni ẹṣin ń gbé, ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ bí ó bá dá nìkan wà. Mo tọ́jú pónì aláwọ̀ ilẹ̀ kan rí tí a ta ìkejì rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ìkejì yìí lọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́bàá ọgbà, tí yóò lọ dé ìpẹ̀kun, tí yóò yí padà, títí tí koríko ibẹ̀ fi gbó tí ilẹ̀ sì là bí ojú ọ̀nà oko. Bí ó bá gbúròó pátákò lọ́ọ̀ọ́kán, yóò gbé orí sókè, yóò na etí síwájú, yóò yán, yóò sì dúró bóyá yóò gbọ́ èsì. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, omi wà, èmi náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Kò tó o. Nígbà tí a mú pónì mìíràn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn méjèèjì fi imú kan imú, wọ́n mí sí ara wọn, ọ̀kan ké lójijì, ó sì fi ẹsẹ̀ iwájú gbá ilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí èyí sí ìrù tọ̀hún, tí olúkúlùkù ń fi eyín họ ìdí gọ̀gọ̀ ẹnì kejì rẹ̀. Koríko ẹ̀bá ọgbà padà hù.

Àní oorun pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, nítorí pé a dá oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí ó fi lè tì í pa kí ó má baà ṣubú, ṣùgbọ́n oorun tó wọra gan-an kì í wá àfi bí ó bá dùbúlẹ̀, kì í sì í fẹ́ dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Nínú agbo, bí àwọn kan bá ń sùn, òmíràn yóò wà lórí ìdúró. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ro pónì kan sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yín, méjì ni kí ẹ máa rò. Àwọn olùtọ́jú ẹṣin sábà máa ń dámọ̀ràn ilẹ̀ éékà 1 sí 1 àbọ̀ fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan bí ó bá jẹ́ pé koríko ibẹ̀ ni yóò máa jẹ. Bí ilẹ̀ yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, pónì náà yóò ní láti máa gbé ní ọgbà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé ẹṣin wọn sí, ìyẹn sì ti yí àwòrán tí ọmọ yín yà padà díẹ̀: kì í ṣe ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni yóò ti máa rí i.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni ó tún kàn. Ikùn ẹṣin kéré sí ìtóbi ara rẹ̀, ásíìdì inú rẹ̀ kì í sì í dáwọ́ sísun dúró, ìdí nìyẹn tí ó fi ní láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru; ẹṣin tí ó wà lórí pápá lè fi wákàtí 16 nínú wákàtí 24 jẹko. Pónì tí ó wọn kílò 200 yóò jẹ tó kílò 4 koríko gbígbẹ lójúmọ́, yóò sì mu omi tó lítà 10, èyí tí yóò lé sí i nígbà ooru. Ẹṣin kò lè bì. Bí inú bá run ún, tí ẹ rí i tí ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, tí ó ń dùbúlẹ̀ tí ó sì ń dìde, dókítà ẹranko ni kí ẹ ké sí ní kíá, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Àwọn ènìyàn tún máa ń rò pé koríko tútù yọ̀yọ̀ ni oúnjẹ tó dára jù fún pónì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó máa ń ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ilẹ̀ tí koríko kò ti pọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìran pónì ti ṣẹ̀ wá, ara wọn sì mọ bí a ti ń fi díẹ̀ gbé. Bí ṣúgà inú koríko bá pọ̀ jù fún un, ẹran tí ó so egungun mọ́ pátákò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, pátákò yóò gbóná, yóò sì dun ẹranko náà débi pé yóò na ẹsẹ̀ iwájú síta, yóò sì fara ti ẹ̀yìn, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí pónì tí ó dúró báyìí lẹ́ẹ̀kan kò ní fi ṣúgà ṣe ìkẹ́ fún un mọ́. Sísanra kì í ṣe àlàáfíà fún pónì.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ojoojúmọ́ ni a ń yọ ẹrẹ̀ àti òkúta inú pátákò, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà a sì máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, bí a ti ń gé èékánná. A ń yẹ eyín rẹ̀ wò lọ́dọọdún, a ń fún un ní oògùn aràn bí dókítà bá ti wí, a sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá ti àrùn ipá tí ó máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ láti kó lójoojúmọ́, ní ọjọ́ òjò, ní ọjọ́ ìdánwò, àti ní ọjọ́ tí ibà ń ṣe ọmọ yín.

Èyí ló mú mi dé ibi tí n kò fẹ́ kí ẹ fò kọjá. Pónì máa ń lo ọdún 25 sí 30 láyé, òmíràn a sì kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 bá gba pónì ọlọ́dún 12 lónìí, ọmọbìnrin yín yóò ti pé ọdún 22 nígbà tí pónì náà bá pé 25. Yóò ti ga ju ẹni tí pónì lè gbé lọ tipẹ́tipẹ́, yóò ti lọ ilé ẹ̀kọ́, bóyá yóò ti fi ilé sílẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹni tó ń gùn ún pẹ̀lú gàárì rẹ̀ má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n pónì lọ. Lórí pónì Shetland tó wọn kílò 180, kílò 36 ni ìyẹn, ọmọ tó ń jẹun dáadáa kì í sì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ìyá ọmọ, òbí tí ó bá ra pónì fún ọmọ, òun gan-an ni ó ni pónì. Ṣé ẹ̀yin pẹ̀lú ń fẹ́ ẹ? Bí ẹ bá dá mi lóhùn pé ẹ ń fẹ́ ẹ nítorí ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ tún inú rò.

Iṣẹ́ tí ẹ ó gbé fún ìfẹ́ ọmọ yín nìyí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní gígun ẹṣin, tí olùkọ́ ibẹ̀ ní sùúrù, tí ara àwọn ẹṣin ibẹ̀ sì dá. Kí ó máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í sì í ṣe láti gùn ún nìkan. Ẹ tọrọ ààyè kí ó máa dé kí àkókò ẹ̀kọ́ tó pé, kí ó sì dúró lẹ́yìn tí ó bá parí, kí ó kó ìgbẹ́, kí ó gbé omi, kí ó kọ́ bí a ti ń fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu láì gbá a léyín. Kí ó de àkẹtẹ̀ líle tí a fi ń gun ẹṣin nígbà gbogbo, kí ó sì bá a lórí rẹ́gí. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, kò sì sí ẹlẹ́ṣin tí kò ní já bọ́ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ lè rí ẹni tó ní pónì tí ọwọ́ rẹ̀ dí, tí inú rẹ̀ yóò dùn bí ọmọ yín bá ń wá tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀, tí ẹ̀yin náà yóò sì máa dá díẹ̀ sí ìnáwó rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ètò yìí ju kí ènìyàn rà á lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ yóò mọ ìwúwo garawa omi ní ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó ní ohun tí yóò máa bomi fún.

Bí ọdún kan bá pé, tí ó ti là òjò àti ooru kọjá, tí ó sì ń fẹ́ ẹ síbẹ̀, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀ níwájú òun àti bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ má ra ọmọ pónì tí yóò "bá ọmọ dàgbà". Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn létí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti fi apá dídá san án. Nínú ọmọ àti pónì, ó yẹ kí ọ̀kan ti mọ̀ ọ́n ṣe. Pónì tó ti lé ní ọdún 10, tí àwọn ọmọdé ti gùn rí, tí ìró ọkọ̀ àti aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kì í bà lẹ́rù, òun ni kí ẹ wá. Kí olùkọ́ rẹ̀ gùn ún tàbí kí ó wò ó bí wọ́n ti ń gùn ún, kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, kí ọmọ yín sì lọ bá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìwé ọmọ yín ni ó kù. Èyí ni ohun tí ó kọ:

"Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ẹṣin, ẹ káàsán mà. Mo ní ìbéèrè 3. Ṣé pónì máa ń mọ ẹni tó ni ín? Ṣé ó lè sùn nínú yàrá mi bí mo bá tẹ́ koríko síbẹ̀? Bí wọn kò bá tíì rà á fún mi, kí ni kí n máa ṣe?"

Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni, pónì máa ń mọ ènìyàn. Ó ń mọ ohùn, ó sì ń mọ ojú. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Sussex àti Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán han àwọn ẹṣin, níbi tí ẹnì kan ti ń bínú tàbí tí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan náà, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹni inú àwòrán náà wá dúró níwájú wọn láì bínú láì rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ àwọn ẹṣin tó ti rí i tí ó ń bínú fi ojú òsì wò ó ju ojú ọ̀tún lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹṣin ti máa ń wo ohun tí ó ń fu ú lára. Nítorí náà, ojú tí o bá gbé lọ bá pónì, yóò rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó san owó rẹ̀. Ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ ni ó mọ̀.

Kò lè sùn nínú yàrá rẹ, bí koríko tí o tẹ́ tilẹ̀ ga dé orí ibùsùn. Yóò máa wá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo òru, àyà rẹ̀ yóò sì máa já láàárín ògiri mẹ́rin. Kàkà bẹ́ẹ̀, bí o bá jí ní òru, máa rò ó pé ó wà lórí pápá pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, tí ọ̀kan dùbúlẹ̀ tí èkejì sì dúró tì í.

Ní ti ohun tí o lè máa ṣe, mo ti sọ ọ́ fún màmá rẹ, wọn yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Èyí tí n óò sọ fún ọ fúnra rẹ ni bí a ṣe ń lọ bá pónì ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àfi gẹ́rẹ́ iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an. Má gba ibi méjèèjì yìí wá bá a. Gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, rọra máa sọ̀rọ̀ kí ó lè mọ ibi tí o wà, má sì sáré. Wo etí rẹ̀: bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ̀ mọ́ orí, dúró níbi tí o wà, nítorí inú rẹ̀ kò dùn, bí ó bá yí i sí ọ̀dọ̀ rẹ, tẹ̀ síwájú. Na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ sí i, kí o sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ gbé imú wá. Wàá rí i pé irun kéékèèké wà ní ètè rẹ̀, èémí rẹ̀ yóò sì gbóná lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, fọwọ́ họ ọ́ ní ìdí gọ̀gọ̀, níbi tí àwọn pónì ti ń họ ara wọn. Màmá rẹ sọ fún mi pé o ti fún pónì rẹ lórúkọ. Pa orúkọ náà mọ́ sínú ìwé àwòrán rẹ ná. Pónì tí o bá bá níbẹ̀ ti ní orúkọ tirẹ̀. Bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ni orúkọ náà, kí o sì fi pè é.